Dróònù, ọ̀kadà, áńbúláǹsì tàbí ẹsẹ̀: èwo ni ká fi gbé oògùn la àárín èrò?

Ọjọ́ Àràfà nínú Hájì ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìṣòro yìí ti hàn gbangba jù. Láàárín ọjọ́ kan, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ á péjọ sí pápá kan ṣoṣo lẹ́yìn ìlú Mẹ́kà. Bí oòrùn bá ti wọ̀, gbogbo wọn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á forí lé Músídálífà, láti ibẹ̀ wọ́n á kọjá sí Mínà láti lọ sọ òkò. Iye èèyàn tí ìjọba Saudi kéde fún Hájì 2024 jẹ́ 1,833,164; ti 2025 jẹ́ 1,673,230. Áńbúláǹsì tó bá há sáàárín irú èrò bẹ́ẹ̀ lè máa fọn fèrè títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò fẹ́ yà fún un. Kò sí ibi tí wọ́n á yà sí ni.

Ní Hájì 2025, Ilé-iṣẹ́ Ìlera Saudi àti NUPCO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ra oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn wọn, fi dróònù gbé oògùn àti irinṣẹ́ ìtọ́jú láàárín àwọn ilé ìwòsàn tó wà ní Mínà àti Àràfà. Ìrìn tí mọ́tò ń lò ju wákàtí kan lọ fún wá di ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ti fi àpò ẹ̀jẹ̀ dán an wò. Ìròyìn náà tàn, fídíò rẹ̀ sì tàn jù ú lọ, títí ó fi dé iwájú àwọn ìgbìmọ̀ ìlera ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọdún ìbílẹ̀ nílé wa: ṣé kí àwa náà ra tiwa ni?

Fún ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀, ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n má tíì ná owó sí i. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí mo gbà pé kò sí ohun tó lè ṣe é bíi dróònù, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí àwọn tó wo fídíò yẹn ń rò.

Ẹni tó ń dúró de dróònù ní Mínà kì í ṣe aláìsàn

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé arìnrìn-àjò kan á ṣubú, dróònù á sì wá sọ oògùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Rárá o. Láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn ni. Òṣìṣẹ́ kan á di ẹrù níhìn-ín, òṣìṣẹ́ mìíràn á tú u lọ́hùn-ún. Bí oògùn bá ti dé ilé ìwòsàn tán, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ èèyàn ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ohun tó ń fò lè já. Ní Oṣù Kejìlá 2015, dróònù kámẹ́rà kan já lulẹ̀ lẹ́yìn Marcel Hirscher bó ṣe ń sáré lórí yìnyín níbi ìdíje kan ní Madonna di Campiglio, ní Ítálì. Díẹ̀ báyìí ló kù kó bà lé e lórí. Ní Oṣù Kejìlá 2024, àwọn dróònù tó ń fi iná ṣeré lójú ọ̀run ní Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida, kọlu ara wọn, ọ̀kan sì já lu ọmọ ọdún 7 kan tó wá wòran, ó ṣe é léṣe gan-an. Dróònù eré nìyẹn o, tí kò gbé ẹrù kankan. Èyí tó bá gbé ẹrù kílò mẹ́wàá, tí bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì wúwo, ẹ fojú inú wò ó. Ìdí nìyẹn tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Britain ò fi gba ẹni tó kàn ra dróònù láyè láti fò ó kọjá lórí àwùjọ èèyàn, àfi tó bá gba àṣẹ pàtàkì.

Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ yín bá ti ya àwòrán ọ̀nà tí dróònù máa gbà, tí ọ̀nà yẹn sì kọjá lórí àwọn tó jókòó, ẹ tún àwòrán náà yà. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá, ọ̀rọ̀ dróònù ti parí níbẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó wúwo àti ohun tó ṣọ̀wọ́n

Ní 17 Oṣù Kẹfà 2024, ooru dé 51.8°C ní Mọ́ṣáláṣí Mẹ́kà. Lẹ́yìn Hájì ọdún náà, ìjọba Saudi kéde pé èèyàn 1,301 ló kú, àti pé ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò gba ìwé àṣẹ Hájì. Wọ́n fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lábẹ́ oòrùn, láìní ibòji, láìní ibi tí wọ́n lè forí pa mọ́ sí.

Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò bó ṣe dákú? Kí wọ́n gbé e kúrò lójú oòrùn, kí wọ́n bọ́ aṣọ tó pọ̀ lára rẹ̀, kí wọ́n da omi tútù lé e, kí wọ́n fi áìsì sí i lábíyá àti lọ́rùn, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ, kíákíá, kí ọpọlọ rẹ̀ tó bàjẹ́. Nínú gbogbo èyí, oògùn kọ́ ló ṣáájú. Omi ni, áìsì ni, èèyàn méjì tó lágbára ni. Lítà omi kan, kílò kan. Garawa omi kan péré ti wúwo ju ohun tí ọ̀pọ̀ dróònù ìlera ń gbé lọ. Dírípù náà kò yàtọ̀: báàgì 500 ml wúwo tó ìlàjì kílò, aláìsàn kan sì lè gba méjì tàbí mẹ́ta.

Ohun tó bá wúwo, tó sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa nílò rẹ̀, ẹ kó o síbẹ̀ kí èrò tó dé. Mo rí i pé àwọn ìgbìmọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ èyí, torí kò sí fídíò tó dùn ún wò nínú kéèsì omi àti páálí dírípù tí wọ́n tò sí abẹ́ àgọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ọkọ̀ ilẹ̀ tàbí ti òfuurufú tó lè tún ìpìlẹ̀ tí a kò fi lélẹ̀ ṣe.

Ẹ wá wo ẹ̀jẹ̀. Ibi tí a bá ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pupa sí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C sí 6°C, a kì í sì í jẹ́ kó kọjá 10°C lójú ọ̀nà. Platelets, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́, ń fẹ́ 20°C sí 24°C, kì í sì í ju ọjọ́ 5 sí 7 lọ nílẹ̀ kó tó bàjẹ́. Ta ló máa pín irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ogún àgọ́? Ogún fìríìjì, ogún jẹnẹrétọ̀, ogún ẹni tó mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ọ. Bí ọjọ́ bá sì kọjá láìsí ẹni tó nílò rẹ̀ ní àgọ́ mọ́kàndínlógún, ẹ̀jẹ̀ táwọn èèyàn fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ á di ohun ìdànù.

Iṣẹ́ dróònù gan-an wà níbí. Lójú tèmi, eré rẹ̀ kọ́ ni àǹfààní rẹ̀ tó ga jù. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ ká lè tọ́jú ohun tó ṣọ̀wọ́n síbì kan ṣoṣo, ká sì tún lè mú un débi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Àwọn tó fi èyí hàn ní kedere ni ará Rwanda. Láti Oṣù Kẹwàá 2016 ni ilé-iṣẹ́ Zipline ti ń fi dróònù gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn níbẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde nínú The Lancet Global Health ní 2022 wo ìbéèrè ẹ̀jẹ̀ 12,733 tí dróònù gbé láàárín 2017 sí 2019. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bàjẹ́ nílé ìpamọ́ dín kù ní ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù méjìlá. Ìpíndọ́gba àkókò tí ẹrù ń lò jẹ́ ìṣẹ́jú 49.6, ó sì fi ìṣẹ́jú 79 yá ju àkókò tí wọ́n ṣírò fún mọ́tò lọ.

Inú ìwádìí yẹn kan náà ni nọ́ńbà tí mo fẹ́ kí gbogbo ìgbìmọ̀ kà lẹ́ẹ̀mejì wà. Àkókò tí dróònù jèrè bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 3, ó sì lọ dé ìṣẹ́jú 211. Ó dá lórí bí ilé ìwòsàn ṣe jìnnà tó àti bí ojú ọ̀nà ṣe rí. Ìṣẹ́jú 3! Ibi tí ọ̀nà bá ti dára, tí kò sì jìnnà, gbogbo wàhálà yẹn, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Ẹsẹ̀ | Ọ̀kadà | Áńbúláǹsì | Dróònù |
|---|---|---|---|---|
| Ẹrù | Báàgì ẹ̀yìn kan | Kúlà kan, àti nọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn | Ó pọ̀ | Kílò méjì kò pé sí nǹkan bíi kílò 30, irú rẹ̀ ló máa sọ |
| Bí èrò bá dí ọ̀nà | Ó ń kọjá | Etí èrò nìkan | Ó dúró | Kò kàn án, bí kò bá gba orí wọn |
| Òjò ńlá àti ìjì | Ó ń lọ | Ó ń lọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ | Ó ń lọ | Ó lè má lè gbéra |
| Ó ń gbé aláìsàn jáde? | Pẹ̀lú àgbéléjìká, bẹ́ẹ̀ ni | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni | Rárá |
| Àṣẹ tó ń fẹ́ | Káàdì ìdánimọ̀ | Àṣẹ ìrìn ní agbègbè náà | Ó ti ní tirẹ̀ | Ó pọ̀, kì í sì í yá |
| Ó dára jù fún | Inú èrò gan-an | Láti ibùdó sí ibùdó | Gbígbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn | Ẹ̀jẹ̀ àti ohun tó ṣọ̀wọ́n láti ọ̀nà jíjìn |

Ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé ń fojú tín-ín-rín, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Ẹ fi èèyàn méjì rìn pọ̀ nínú aṣọ tó ń tàn yanran. Ẹni iwájú kò gbé nǹkan kan; iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi ọwọ́ àti ẹnu là ọ̀nà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá láyè, aláìsàn wà níwájú." Ẹni ẹ̀yìn ló gbé báàgì: ìbọ̀wọ́, ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rọ tí ń wo ṣúgà, ORS, ṣúgà gidi fún alátọ̀gbẹ tí ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń fà sínú, bándéèjì, sísọ́ọ̀sì. Èrò tó dí pa máa ń yà fún èèyàn tí wọ́n rí ojú rẹ̀, tó sì bẹ̀ wọ́n. Wọn kì í yà fún fèrè. Bí àgọ́ ìtọ́jú yín bá wà ní ìwọ̀n ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ara wọn, dróònù kò lè na àwọn méjì yìí.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí dróònù tó kúrò nílẹ̀. Ẹni tó gba ìbéèrè á kọ́kọ́ ka orúkọ àti irú ẹ̀jẹ̀ sókè, ẹlòmíràn á sì dá a lóhùn. A ó yọ àpò ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú fìríìjì. A kò gbọ́dọ̀ kó áìsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú fírísà tì í. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó bá dì bíi yìnyín ti bàjẹ́ nìyẹn. A ó jẹ́ kí áìsì náà rọ̀ díẹ̀, kí omi máa mì nínú rẹ̀, ká fi aṣọ sáàárín, ká ti ẹ̀rọ ìwọn ooru bọ̀ ọ́, ká pa àpótí dé, ká gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí ẹrù bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó tún un dì. Bátìrì tuntun, wíwo atẹ́gùn, ìpè sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ òfuurufú, ó tó di pé ó gbéra. Ìgbà tí ìpolówó bá ní "ìṣẹ́jú 5", ìgbà tó wà lójú ọ̀run nìkan ni wọ́n ń kà fún yín.

Ọ̀kadà ní ohun kan tí dróònù kò lè ní láéláé: ó ń gbé ọwọ́ wá pẹ̀lú oògùn. Nọ́ọ̀sì tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà, ó sì mọ ìgbà tí kò yẹ kó gún un. Láti 2016 ni LifeBank, tí Temie Giwa-Tubosun dá sílẹ̀ ní Èkó, ti ń fi àwọn ọlọ́kadà gbé ẹ̀jẹ̀ kiri inú àpótí tó ń pa òtútù mọ́, láàárín sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀. Ní Mẹ́kà pàápàá, alùpùpù wà lára ohun tí Red Crescent Saudi, àjọ ìtọ́jú pàjáwìrì wọn, ń lò. Ní Èkó, ẹ rántí pé láti Oṣù Kẹfà 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ẹ gba ìwé fún tiyín kí ọjọ́ tó pé.

Áńbúláǹsì ò ní kí n pẹ́ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé èèyàn jáde. Ẹ dá ọ̀nà kan sí fún un, kí ẹ sì fi àwọn ọmọkùnrin tí kì í gbàbọ̀dè síbẹ̀ láti lé àwọn tó fẹ́ fi mọ́tò wọn dí i. Ọ̀nà yẹn ṣe pàtàkì ju iye áńbúláǹsì tí ẹ ní lọ.

Dróònù fúnra rẹ̀, oríṣi méjì ni, ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ á ra ohun tí kò wúlò fún un. Èyí tó ní ìyẹ́ bíi ti bàálù, bíi ti Zipline tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Rwanda, ń sáré tó nǹkan bíi 100 km ní wákàtí kan, ó lè dé ibi tó tó 80 km kó sì padà, àmọ́ ẹrù rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 1.75 lọ. Kì í balẹ̀ níbi tó ń lọ. Párásúùtù kékeré ló fi ń ju páálí sílẹ̀. Ó ń fẹ́ irin tí wọ́n fi ń ta á sókè àti okùn tí wọ́n fi ń mú un nígbà tó bá dé, nítorí náà, ìjọba tàbí iléeṣẹ́ ńlá nìkan ló lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì ni èyí tó ń yí abẹ̀bẹ̀ lókè, tó ń gbéra lójú kan. DJI FlyCart 30, fún àpẹẹrẹ, ń gbé kílò 30 pẹ̀lú bátìrì méjì, ó sì lè gbé e lọ dé nǹkan bíi 16 km. Ó lè fi okùn sọ ẹrù kalẹ̀ láìbalẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní kí a má lò ó bí ooru bá kọjá 45°C. Ẹ fi èyí wé 51.8°C tí mo sọ lókè.

Ẹ̀rọ tí ń fi iná jí ọkàn tó dúró ńkọ́? Àwọn kan máa ń fi Sweden ṣe àpẹẹrẹ. Òótọ́ ni: ní Oṣù Kejìlá 2021, ní Trollhättan, ọkàn bàbá ẹni ọdún 71 kan dúró níbi tó ti ń gbá yìnyín níwájú ilé rẹ̀, dróònù Everdrone gbé ẹ̀rọ náà dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀, dókítà tó ń kọjá lọ sì fi gbà á là. Ṣùgbọ́n iwájú ilé ẹnì kan nìyẹn, ní àdúgbò tí kò sí èrò. Bí ìṣẹ́jú kan bá ti ń kọjá láìsí ẹ̀rọ náà, ìrètí ìyè ń dín kù ní ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi àpéjọ, ẹ gbé ẹ̀rọ náà kọ́ sára òpó tí gbogbo olùyọ̀ǹda mọ̀, kí ẹsẹ̀ lè sáré gbé e. Owó tó máa ra dróònù kan lè ra mélòó kan nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílé

Redemption City, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní Kámpù, ní ìṣòro méjì tó yàtọ̀ síra. Ìṣòro inú ni bí wọ́n ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dákú láàárín gbọ̀ngàn tí wọ́n ní ó tó 3 km ní gígùn àti 3 km ní fífẹ̀. Ẹsẹ̀, ọ̀kadà àti àgọ́ tó súnmọ́ra ni ìdáhùn ìyẹn. Ìṣòro ìta ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tó lè dì pa lálẹ́ ọjọ́ àpéjọ débi tí mọ́tò ò ní sún.

Ẹ mú obìnrin tó bímọ níbẹ̀, torí ọdọọdún ni wọ́n ń kéde iye ọmọ tí wọ́n bí lásìkò àpéjọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbí, oxytocin, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì, ló kọ́kọ́ nílò, tí à ń tọ́jú láàárín 2°C sí 8°C, àti tranexamic acid, oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kù, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fún un láàárín wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbí. Méjèèjì kéré, wọn kò wọ́n kọjá agbára. Kí wọ́n wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má dúró de dróònù. Àmọ́ bó bá wá di pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa fà sí i lára, tí irú tirẹ̀ sì tán nílẹ̀ tí ọ̀nà sì dì, dróònù tó bá gbéra láti ilé ìwòsàn ní apá Ṣágámù, tó gba orí igbó wá, tó bà sí ọgbà tí wọ́n ti là sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn ilé, lè gba ẹ̀mí là. Ká ní èmi ni mò ń fọwọ́ sí owó, ibí yìí ni mo máa fọwọ́ sí i.

Ojúbọ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, mi ò ní fọwọ́ sí i rárá. Nǹkan bíi hẹ́kítà 75 igbó tó dí ni, UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé láti 2005. Okùn dróònù ò lè gba àárín ẹ̀ka igi wọ̀nyẹn kọjá, Oṣù Kẹjọ sì ni ọdún náà, nígbà tí òjò lè dé nígbàkigbà. Ká má tíì sọ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń kùn lókè ló yẹ kó kùn lórí Arugbá. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde náà ní tirẹ̀: ẹṣin. Àwọn ẹṣin ìdílé Balógun ti mọ ìlù, ọ̀pọ̀ wọn ti mọ ìró ìbọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń bọ̀ wálẹ̀ látòkè, tó ń fẹ́ eruku sí wọn lójú, lè mú ọ̀kan sáré wọ àárín èrò. Nígbà náà, dróònù ìlera ló máa fa iṣẹ́ fún àwọn oníṣègùn.

Ìwé àṣẹ, kí ẹ tó rò ó wò

Ní Nàìjíríà, Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ọ̀rọ̀ Ààbò ló ń fúnni ní ìwé láti ní dróònù, NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ojú òfuurufú, ló sì ń fúnni ní àṣẹ láti máa fò ó ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tí a lè gbà ní ọ̀sẹ̀ àpéjọ. Bí gómìnà tàbí ọba ńlá bá ń bọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ lè ní kí ohunkóhun má fò, ó sì tún lè jẹ́ pé wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń da àmì GPS, èyí tí dróònù fi ń mọ ọ̀nà, rú. Ẹ lọ bá wọn ṣáájú, kí ẹ sì gba orúkọ ẹnì kan tí ẹ lè pè lọ́jọ́ náà.

Fún ìdí yìí, mi ò rò pé ó yẹ kí ìgbìmọ̀ kan dá dróònù rà. Ó sàn kí ẹ bá ìjọba ìpínlẹ̀ yín sọ̀rọ̀, bí Kaduna ṣe gba Zipline wọlé ní 2022, tí Cross River sì tẹ̀ lé e, kí àpéjọ yín kàn jẹ́ ibì kan lára ibi tí ẹ̀rọ náà ń lọ. Ẹ̀rọ tó ń fò lójoojúmọ́ ni awakọ̀ rẹ̀ mọ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, eruku ló máa kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpè náà tún wà níbẹ̀. Níbi tí èrò pọ̀ sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń dì kí ọ̀nà tó dì. Dróònù tí kò gbọ́ pé wọ́n ń pè é kò wúlò, èyí tí ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn kan náà láti gba àṣẹ sì wà nínú ewu. Ẹ ra wọkí-tọ́kì fún gbogbo àgọ́ kí ẹ tó ra ohunkóhun tó ń fò.

Bí ẹ bá wá fẹ́ dróònù lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ dán an wò kí ọjọ́ tó pé, ní wákàtí tí èrò máa ń pọ̀ jù gan-an, lábẹ́ oòrùn gan-an. Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ gidi ṣe é. Ẹ fi báàgì omi iyọ̀ tó ní ìwọ̀n kan náà sínú àpótí, kí ẹ̀rọ ìwọn ooru wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá pe wọkí-tọ́kì, kí ẹ má dá a dúró títí báàgì náà á fi kan ọwọ́ nọ́ọ̀sì yẹn kan náà. Lẹ́yìn náà, kí ọlọ́kadà yín gbé báàgì kejì gba ọ̀nà tirẹ̀ ní wákàtí kan náà. Bí ọlọ́kadà bá ṣáájú, tàbí tí ẹ ṣí àpótí dróònù tí ẹ sì bá a ní 12°C, owó ṣì wà lápò yín láti fi ra fìríìjì àti jẹnẹrétọ̀ sí àgọ́ tó jìnnà jù.